Ibi àrímáleèlọ kún Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ta ló ń bójú tó wọn?

Bí ènìyàn bá ní kóun máa ka àwọn ibi tó yẹ ní rírí ní orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, ilẹ̀ á ṣú kó tó kà wọ́n tán. Láti òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta títí dé ọgbà ẹranko Yankari ní ìpínlẹ̀ Bauchi, kò sí ẹkùn kan tí kò ní tirẹ̀. Síbẹ̀, ohun mẹ́ta ni kò jẹ́ kí àlejò wá bó ṣe yẹ: ọ̀nà tí kò dára, ààbò tó mẹ́hẹ àti àìbójútó.

Ẹ wo Sukur ní ìpínlẹ̀ Adamawa. Ọdún 1999 ni àjọ UNESCO fi orúkọ ìlú orí òkè yìí sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé, òun sì ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ààfin Hidi, ọba ìlú náà, àti oko tí àwọn baba ńlá wọn fi òkúta ṣe ní ìpele-ìpele sára òkè wà lára ohun tí àlejò ń lọ wò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá, ọdún 2014, àwọn Boko Haram ya wọ ìlú náà, wọ́n sì dáná sun ilé. Àlejò wo ni yóò fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ síbi tí onílé ti ń sá?

Èkejì ni igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, tó wọ inú ìwé náà ní 2005. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, tó kú ní 2009, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ ni kò jẹ́ kí wọ́n pa igbó náà run. Ní oṣù Kẹjọ ọdọọdún, èrò máa ń wá síbẹ̀, títí kan àwọn tó ń ti Brazil àti Amẹ́ríkà bọ̀. Àmọ́, odò fúnra rẹ̀ ló wà nínú ewu báyìí. Àwọn tó ń wa góòlù lápá ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ti da omi náà rú, débi pé ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tó wá ṣọdún pé kí wọ́n má ṣe mu ún. Omi tí àwọn ènìyàn ti òkè òkun wá bù láti fi tọrọ ọmọ ni wọ́n ní kí wọ́n má fi kan ẹnu.

Ní Ìdànrè, ìpínlẹ̀ Oǹdó, àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni ènìyàn yóò gùn kó tó dé ìlú àtijọ́ tó wà lórí òkè. Láti 2007 ni orúkọ òkè náà ti wà níwájú UNESCO, kò sì tíì wọ ìwé. Ní Ìkògòsí-Èkìtì, omi gbígbóná àti omi tútù ń ṣàn pàdé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ti Èkó lọ wò wọ́n yóò kọ́kọ́ ronú nípa kòtò ojú ọ̀nà àti àwọn ajínigbé. Ti Abẹ́òkúta sàn díẹ̀, nítorí láti 2021 ni ọkọ̀ ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ti ń gba ibẹ̀ kọjá.

Iye ohun tí a ní kọ́ ni ìṣòro. Méjì ni UNESCO kà fún Nàìjíríà, méjì náà ló kà fún Ghana. Ṣùgbọ́n ní 2019, ìjọba Ghana pe àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà lókè òkun wálé, láti fi sàmì 400 ọdún tí wọ́n kó ẹrú Áfíríkà dé Virginia. Èrò rọ́ lọ sí Cape Coast àti Elmina. Badagry náà ní ọ̀nà tí wọ́n kó ẹrú gbà lọ sétí òkun, ó tún ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ parí ní 1845. Ta ló pe èrò síbẹ̀?

Ní 2013, ilé ẹjọ́ tó ga jùlọ dájọ́ nínú ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ àti ìpínlẹ̀ Èkó pé ìpínlẹ̀ ló láṣẹ lórí fífún àwọn ilé ìtura níwèé àṣẹ. Ní 2023, ìjọba àpapọ̀ dá iléeṣẹ́ ìrìn-àjò afẹ́ dúró láyè ọ̀tọ̀, ó tún pa á pọ̀ mọ́ ti àṣà ní oṣù Kẹwàá, ọdún 2024. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá àti ìwé àṣẹ ìwakùsà ṣì wà lọ́wọ́ Àbújá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gómìnà lè kọ́ òtẹ́ẹ̀lì sétí odò, kó má sì lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹni tó ń da omi rú lókè odò.

Àwọn tó ń pàdánù kò jìnnà: olóúnjẹ, ọlọ́kadà, aládìrẹ àti àwọn ọ̀dọ́ tó ń mú àlejò yí ká. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Ó yẹ kí ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ jọ jókòó, kí wọ́n kọ́kọ́ dá ìwakùsà tó ń ba odò Ọ̀ṣun jẹ́ dúró, kí wọ́n tó tún ná owó sórí ìpolówó.