Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Gáàsì Nínú Ọkọ̀ Wa

Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinubu búra wọlé l'Abuja, ọjọ́ náà ló sì kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí ₦185 ti di ₦488 l'Ékòó. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-epo NNPC l'Ékòó ti ń tà á ní ₦998. Àárín ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ gáàsì gba ẹnu àwọn awakọ̀ kan, gáàsì tí wọ́n ń fún pọ̀ sínú sílíńdà, tí gbogbo ayé ń pè ní CNG. ₦230 ni wọ́n ń ta kúbíìkì mítà kan rẹ̀ nígbà náà.

Ẹni tó bá ti jókòó ní gáréèjì rí mọ̀ pé orí ni awakọ̀ fi ń ṣírò, kì í wá bírò. Ọkọ̀ tó ń jẹ 20 lítà lóòjọ́, bẹntiróòlù rẹ̀ á gba ₦19,960. Kúbíìkì mítà gáàsì kan ń ṣiṣẹ́ tó lítà bẹntiróòlù kan, ó tilẹ̀ máa ń fi díẹ̀ jù ú lọ. Ogún rẹ̀ jẹ́ ₦4,600. Ohun tó kù sápò lóòjọ́ lé ní ₦15,000. Bí yíyí ọkọ̀ náà padà bá gba mílíọ̀nù kan náírà ó lé díẹ̀, awakọ̀ tí kò bá ń fi iṣẹ́ ṣeré á ti rí owó yẹn kó jọ láàárín oṣù mẹ́ta, gbogbo èyí tó bá wọlé lẹ́yìn rẹ̀ sì di èrè. Mo ti yẹ ìṣirò yìí wò, n kò rí irọ́ nínú rẹ̀. Orí ẹ̀fà ló kàn dúró sí.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ení, èjì, ẹ̀ta lè rò pé bí òun bá ti dé orí ẹ̀fà, èje nìkan ló kù. Àgbà mọ̀ pé ẹ̀jọ wà níwájú, ẹ̀sán wà, ogún àti ọgbọ̀n náà wà níbẹ̀. Ìdí ẹjọ́ ni wọ́n ti sábà máa ń pa òwe yìí, nígbà tí ọ̀rọ̀ kékeré bá ní gbòǹgbò tí ojú kò rí. Lójú tèmi, ọjà ló bá a mu jù. Inú ọjà la ti ń ka nǹkan, inú ọjà náà la sì ti ń tètè dá kíkà dúró nígbà tí a bá ti dé iye tó dùn mọ́ wa.

Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe sára ọkọ̀ náà kò ṣòro láti yé ènìyàn. Wọn kì í yọ ẹ́ńjìnnì, wọn kì í yọ táǹkì epo. Wọ́n á gbé sílíńdà onírin sí buùtù, páìpù irin tẹ́ẹ́rẹ́ á gba abẹ́ ọkọ̀ lọ síwájú, ẹ̀rọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì á máa rọ agbára gáàsì náà sílẹ̀, kọ̀ǹpútà kékeré kan á sì máa pín in. Bọ́tìnnì kan wà níwájú awakọ̀ tó fi ń yàn láàárín epo àti gáàsì. Bẹntiróòlù ni ọkọ̀ fi ń jí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti lọ́wọ́ọ́wọ́, á bọ́ sórí gáàsì. Ẹni tí gáàsì bá tán fún lójú ọ̀nà, epo inú táǹkì á gbé e délé.

Inú sílíńdà yẹn ni ọ̀rọ̀ wà. Bar ni wọ́n fi ń wọn bí gáàsì ṣe fún pọ̀ tó, 200 bar ni wọ́n sì ń kì í dé nínú rẹ̀. Taya ọkọ̀ kékeré tí fọganáísà ń fún kì í ju bíi 2 lọ. Sílíńdà gáàsì ìdáná tó wà nílé kì í sábà ju 10 lọ, bí oòrùn tilẹ̀ mú. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé gáàsì kò ju gáàsì lọ, tó gbé sílíńdà ìdáná lọ bá wẹ́dà pé kó bá òun jó ẹnu mìíràn mọ́ ọn, ikú ló gbé sẹ́yìn àwọn èrò rẹ̀. Ojúlówó sílíńdà onírin ti CNG kì í ní ojú ibi tí wọ́n ti jó o pọ̀. Irin kan ṣoṣo ni látòkè délẹ̀, ó nípọn, ó sì lè tó 60 kílò. Wọ́n máa ń tẹ ọdún tí wọ́n ṣe é àti ìgbà tó gbọ́dọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ sí i lára. Iná wẹ́dà a máa sọ irin bẹ́ẹ̀ di aláìlágbára, ojú lásán kò sì lè rí i.

Ní Ìbíní, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Ẹdó, ni a ti rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀rọ̀ yìí. Kí ariwo CNG tó gba Abuja kan, àwọn awakọ̀ ibẹ̀ ti ń fi gáàsì jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ kan ti bú gbàmù nílé-gáàsì kan ní Aduwawa lọ́jọ́ 17 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, tí ènìyàn mẹ́ta fara pa. Ohun tí àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn ìwádìí ni pé sílíńdà inú ọkọ̀ náà kì í ṣe èyí tí wọ́n fọwọ́ sí fún CNG, àti pé wọ́n ti jó o, wọ́n ti tún un ṣe. Kò pẹ́ tí àwọn kan fi ní gáàsì ni apànìyàn. Èmi kò bá wọn sọ ọ́. Gáàsì CNG fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, òkè ló ń gbà lọ. Ti ìdáná ló máa ń wálẹ̀, táá lúgọ síbẹ̀ de iná. Sílíńdà tó pójú owó, tí ọlọ́wọ́ pípé sì so, kò bà mí lẹ́rù ju táǹkì bẹntiróòlù tí gbogbo wa ń jókòó tì lójoojúmọ́.

Ẹ gbọ́ bí ìdúnàádúrà ṣe máa ń lọ. Awakọ̀ á ní, “Ọ̀gá, àwọn yẹn ní mílíọ̀nù kan ó lé, èló ni tiyín?” Ọ̀gá mẹkáníìkì á ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ìdajì wá, kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún èmi àti Ọlọ́run.” Owó tó dín yẹn, ara nǹkan kan ló ti jáde. Ó lè jẹ́ ara sílíńdà, ó lè jẹ́ ara páìpù, ó sì lè jẹ́ wákàtí tó yẹ kó fi jókòó ti ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú láptọ́ọ̀pù. Ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ló ń fi etí mọ àìsàn ọkọ̀, mo sì bọ̀wọ̀ fún irú etí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ń fẹ́ láptọ́ọ̀pù kún un. Bí wọn kò bá wọn gáàsì tó ń wọlé dáadáa, ọkọ̀ á máa wúkọ́, kò ní lè fa èrò gun òkè, púlọ́ọ̀gì á sì tètè jó. Awakọ̀ tó bá tún pa bẹntiróòlù tì pátápátá, ojú ihò tí epo ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì lè dí mọ́ ọn lọ́wọ́. Lọ́jọ́ yẹn, gáàsì náà ni wọ́n á bú.

Ìjọba náà ka tirẹ̀ dé ẹ̀fà. Ètò CNG tí Ààrẹ dá sílẹ̀ ní 2023 ní òun fẹ́ kí ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan ti bọ́ sórí gáàsì nígbà tó bá fi máa di 2027. Ọkọ̀ ṣeé yí padà láàárín ọjọ́ kan. Ilé-gáàsì kò rí bẹ́ẹ̀. Páìpù ńlá tó ń gbé gáàsì bọ̀ láti Escravos ní Niger Delta wá sí Èkó kò kan Èkìtì, kò kan Òkè-Ògùn. Ibi tí páìpù kò bá dé, ọkọ̀ àjàgbé ni yóò máa gbé e lọ, owó ọkọ̀ yẹn náà sì wà lórí ẹni tó ń rà á. Ẹ tún wo awakọ̀ wa tó ń jẹ 20 lóòjọ́. Sílíńdà 65 lítà tí wọ́n sábà máa ń gbé sí ọkọ̀ kékeré kò gbà ju nǹkan bíi kúbíìkì mítà 15 lọ, nítorí náà ọjọ́ tó máa dé ilé-gáàsì lẹ́ẹ̀mejì pọ̀. Bí ìlà ibẹ̀ bá gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀, èrò tí kò rí gbé nínú wákàtí méjì yẹn kò sí nínú ìṣirò gáréèjì. Kò sì sẹ́ni tó búra pé ₦230 kò ní yẹ̀: láàárín 2025, àwọn ilé-gáàsì kan ti ń gba ₦380. Èrè ṣì wà níbẹ̀, ó kàn rù díẹ̀ ni.

Pakistan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú wa. Ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì ló ń lo CNG níbẹ̀ nígbà kan, kó tó di pé gáàsì ilẹ̀ wọn kò ká ilé, iléeṣẹ́ àti ọkọ̀ mọ́, tí wọ́n wá ń ti ilé-gáàsì pa fún ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀. Tiwa yàtọ̀. Gáàsì pọ̀ nílẹ̀ wa débi pé a ń sun ún dànù ní Niger Delta láti ìgbà tí a ti ń wa epo. Ọ̀nà tó máa gbé e dé Ṣakí la kò ní.

Malaysia ló kó àyà mi sókè jù. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ìjọba wọn kéde pé láti ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 2025, ọkọ̀ onígáàsì kò gbọ́dọ̀ rìn lójú títì mọ́. Àwọn tí kò fẹ́ràn CNG gbé ìròyìn náà kiri níbí bí ẹni rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n ohun tí minísítà ìrìnnà wọn tọ́ka sí ni ọjọ́ orí sílíńdà: ọdún 15 ni wọ́n ní kó lò, ọ̀pọ̀ sì ti lò ó pé. Bí mo ṣe kà á, ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó, níbi tí a ti ń ra ẹ̀yà ara ọkọ̀, ló sọ sí mi lọ́kàn. Ohun tí òkè òkun bá ti lò tán mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa, ọ̀dà agolo kan sì tó láti sọ sílíńdà àgbà di ọmọdé.

Bó bá ṣe pé mo ní dánfó, màá yí i padà. Màá kàn kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ọrùn sílíńdà kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó iṣẹ́. Ẹni tí n kò mọ bí yóò ṣe kà á ni ẹni tó máa ra ọkọ̀ náà lọ́wọ́ mi, àti ẹni tí òun náà máa tà á fún. Ọkọ̀ tí wọ́n yí padà l'Ékòó lónìí lè wà ní Ìṣẹ́yìn lẹ́yìn ọdún márùn-ún, kó sì máa kó iṣu lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó rántí ẹni tó so sílíńdà náà mọ́, ìwé rẹ̀ ti sọnù, àyẹ̀wò tó yẹ kó máa gbà ní ọdún mélòó kan síra wọn ti di ìtàn. Ibi tí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú ìwé ọkọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ ọdún sílíńdà sí, kí àwọn VIO tó ń dá wa dúró nítorí wáípà lè máa béèrè rẹ̀, kí ẹni tó ń ra ọkọ̀ sì rí i kó tó san owó.