Jọ́gíráfì Ilẹ̀ Wa: Máàkì Tó Yẹ Kó Rọrùn Là Ń Pàdánù Nínú Kọ́ńkúù

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ń múra kọ́ńkúù láti wọ iṣẹ́ ìjọba la fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí.

Gbogbo wa la mọ bí ilé ṣe máa ń rí lásìkò kọ́ńkúù. Ọmọ á ra ìwé tí wọ́n ṣe fọ́tókópì rẹ̀, á máa kà á sórí tọ̀sán tòru, ìyá á máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n tí a bá bá àwọn ọmọ yìí jókòó, tí a bi wọ́n ní ìbéèrè nípa ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọsẹ̀. Ọmọ Kétu kan ka département 12 fún wa láìṣì ọ̀kan. A ní kó fi ìka han ibi tí Plateau wà lórí àwòrán ilẹ̀. Ó fi ìka sí òkè lọ́hùn-ún, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Djougou. Plateau tí wọ́n bí i sí nìyẹn o!

Ohun tí àwa ń sọ ni pé nínú gbogbo ohun tí wọ́n ń béèrè nínú culture générale, jọ́gíráfì ló yẹ kó rọ ọmọ wa lọ́rùn jù. Ilẹ̀ tí à ń tẹ̀ ni. Àwa la sọ ọ́ di orúkọ Faransé lásán tí ọmọ ń kọ́ bí ayékòótọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ òjò. Ìwé á sọ pé gúúsù ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ní àsìkò mẹ́rin, òjò méjì àti ẹ̀ẹ̀rùn méjì; pé àríwá ní méjì péré. Ọmọ á máa tún un kà, «grande saison des pluies, petite saison sèche», tó bá di ọ̀la á ti dà á pọ̀ mọ́ra. Kí ló dé tí kò bi bàbá rẹ̀ tó ń roko? Kò sí àgbẹ̀ kan ní Pọ́bẹ̀ tí kò mọ̀ pé òjò àkọ́kọ́ a máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹta sí ìkẹrin, pé òjò a máa sinmi díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, pé àrọ̀kúrò ló tẹ̀ lé e, kí ẹ̀ẹ̀rùn gidi tó dé pẹ̀lú ọyẹ́. Àsìkò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pé nìyẹn. Tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ń ra iṣu ní Parakou, á sọ fún un pé òjò kan ṣoṣo ni wọ́n ní lọ́hùn-ún. Ohun tó kù ni kó kọ́ orúkọ tí Faransé ń pè é, ìyẹn kò sì gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Bákan náà ni odò Ouémé. Gbogbo oǹdíje ló mọ̀ pé òun ló gùn jù, kìlómítà 510. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi wọ́n pé níbo ló ti ń bọ̀, níbo ló ń gbà. Láti àwọn òkè tó wà lápá Djougou ló ti ṣẹ̀. Ó ń ṣàn wá sí ìsàlẹ̀, ó gba agbègbè Ṣábẹ̀ kọjá. Odò Ọ̀pàrà, tó ṣe ààlà àwa àti Nàìjíríà níbì kan, dà sínú rẹ̀. Ó gba ìwọ̀-oòrùn Kétu, ó wọ Bonou, ó wọ Adjohoun, kó tó dé ọ̀sà Àjàṣẹ́ àti ọ̀sà Nokoué, kó tó bá Kútọnu bọ́ sínú òkun. Omi kan náà ló so Ṣábẹ̀, Kétu àti Àjàṣẹ́ pọ̀! Ẹni tó bá mọ èyí kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa há a sórí ìdí tí omi fi máa ń kún bo ilé ní Aguégués ní oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá. Òjò tó rọ̀ sí àríwá ló ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lọ́dọ̀ wọn.

Èyí tó máa ń dùn wá jù ni ti Lama. «Dépression de la Lama», oǹdíje á kà á bí orúkọ ìlú òkèèrè. Èdè Potogí ni lama, ẹrẹ̀ ló túmọ̀ sí. Ilẹ̀ kòtò alámọ̀ dúdú ni, ó na láti ìwọ̀-oòrùn dé ìlà-oòrùn, ó pín àwọn ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó ga ní gúúsù sí méjì. Apá rẹ̀ tó wà ní ìlà-oòrùn sì rèé, ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí ni, lápá Ìsàbà! Ẹrẹ̀ dúdú tí àwọn bàbá wa ti mọtò nínú rẹ̀ títí tí ilẹ̀ fi ṣú, ìwé wọn ló ń pè é ní Lama. Ẹrẹ̀ yẹn náà ló dáàbò bo àwọn Ọ̀họ̀rí nígbà tí wọ́n kojú Faransé lásìkò ogun àgbáyé kìíní. Ọmọ tó ti bọ́ bàtà rìn nínú rẹ̀, báwo ló ṣe máa gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ ìdánwò?

A ò sọ pé gbogbo ohun tí àgbà bá sọ ni kí ọmọ lọ kọ sílẹ̀ o. Ti ilẹ̀, ti omi, ti òjò, ẹ gbà á lẹ́nu wọn. Ti ìjọba, ẹ ṣọ́ra. Département 6 ni àwa àgbà kọ́ nílé ìwé. Nígbà náà, Ouémé ni Kétu wà, Zou ni Ṣábẹ̀ àti Ìdàáṣà wà. Láti ọdún 1999 ni wọ́n ti pín in sí 12. Ní báyìí, Kétu, Pọ́bẹ̀, Ṣàkẹ́tẹ́, Ifangni àti Adja-Ouèrè ló jẹ́ Plateau, Pọ́bẹ̀ sì ni olú rẹ̀. Ṣábẹ̀, Ìdàáṣà, Glazoué, Bantè, Savalou àti Ouèssè ni Collines, Ìdàáṣà ni olú. Bàbá tó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé «Ouémé la wà» kò purọ́, ọjọ́ ló ti lọ. Àwọn ìwé fọ́tókópì náà ń ṣe irú rẹ̀. A rí èyí tó ṣì kọ ọ́ pé Ouidah ni olú Atlantique, bẹ́ẹ̀ Allada ni. A rí èyí tó kọ 112.622 fún ìwọ̀n ilẹ̀ wa, nígbà tí iye tí ìjọba ń lò jẹ́ kìlómítà 114.763 níbùú lóròó. Ẹ wo ọdún tí wọ́n tẹ ìwé kí ẹ tó sanwó.

Ẹ̀yin ará Atakpamé, tiyín tún ní ìdẹkùn tirẹ̀: Plateaux ni agbègbè yín ní Tógò ń jẹ́, pẹ̀lú x ní ìparí, Atakpamé sì ni olú rẹ̀. Ọmọ tó bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì wá ìdáhùn lè gbé ti Bẹ̀nẹ̀ fún ti Tógò láìfura.

Àwọn kan á ní Faransé ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, kí ni Yorùbá fẹ́ wá níbẹ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n kọ: Savè ni yóò kọ, kì í ṣe Ṣábẹ̀, Porto-Novo, kì í ṣe Àjàṣẹ́. Ẹni tó bá kọ Àjàṣẹ́ fún olú ìlú Bẹ̀nẹ̀, a ò mọ̀ bóyá ẹni tó ń máàkì á gbà á fún un. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ bá ti yé ní èdè ìyá rẹ̀, kíkọ rẹ̀ ní Faransé kò pẹ́. Ohun tí kò yé e ní èdè kankan ló ń sá lórí rẹ̀ nígbà tó bá wọ yàrá ìdánwò.

Ẹni tó bá sì yege, wọ́n lè gbé e lọ sí Kandi tàbí Karimama, nítòsí odò Ọya tó ṣe ààlà wa pẹ̀lú Niger. Láti ibẹ̀ dé etí òkun tó nǹkan bíi kìlómítà 700. Àwọn tó máa lọ ṣiṣẹ́ fún níbẹ̀ kì í ṣe orúkọ inú ìwé.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún wọ mọtò láti Àjàṣẹ́ lọ sí Kétu, ẹ jẹ́ kí ọmọ jókòó sétí fèrèsé, kó gbé fóònù sápò. Ẹ fi ilẹ̀ pupa Ṣàkẹ́tẹ́ hàn án. Ẹ fi oko ọ̀pẹ Pọ́bẹ̀ hàn án. Ẹ ní kó sọ fún yín ibi tí ilẹ̀ ti di dúdú lápá Ìsàbà, kó tún sọ ibi tí ilẹ̀ ti ga padà bí ẹ bá ti ń sún mọ́ Kétu. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í kí Faransé máa ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.