Kì Í Ṣe Gbogbo Èrò Sèmè Ni Onífàyàwọ́

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín kí n sọ tinú mi lórí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí àwọn akọ̀ròyìn kì í jẹ́ kó sinmi nígbàkigbà tí wọ́n bá ń kọ nípa ẹnubodè wa. Ọ̀rọ̀ náà ni "smuggler". Àwọn tó ń túmọ̀ ìròyìn sí Yorùbá a máa pè é ní onífàyàwọ́, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di orúkọ àbísọ fún gbogbo àwa tí à ń gbé Sèmè.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ Yorùbá yẹn dáadáa. Ẹni tó fi àyà wọ́ nílẹ̀ kí aṣọ́bodè má baà rí i ni onífàyàwọ́. Ìyá tó ru agbọ̀n tòmátì rẹ̀ lọ́sàn-án gangan lójú títì, àyà wo ló fi wọ́?

Mi ò sọ pé kò sí fàyàwọ́ o. Ó wà, ó sì pọ̀. Láti ọdún 2016 ni ìjọba ti ní kí ìrẹsì òkèèrè má gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wọlé mọ́. Nígbà tó di 2017, wọ́n fi mọ́tò kún un. Ẹni tó bá kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ gba inú igbó lóru, ẹ pè é lórúkọ tó bá a mu. Àgbẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tí ojú àgbẹ̀ onírẹsì ń rí.

Ṣùgbọ́n iṣu, ata àti tòmátì tí wọ́n gbìn nílẹ̀ ECOWAS ńkọ́? Láti 1979 ni àwọn orílẹ̀-èdè náà ti fẹnu kò pé irú ohun oko bẹ́ẹ̀ kò ní san owó ibodè bó bá ń ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan lọ sọ́dọ̀ ẹnì kejì.

Ọjọ́ 20 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni wọ́n ti ẹnubodè pa. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, Hameed Ali, tó jẹ́ ọ̀gá àgbà kọ́sítọ́ọ̀mù nígbà náà, ní ọjà kankan kò gbọdọ̀ gba ojú ọ̀nà ilẹ̀ wọlé tàbí jáde. Bí ìyá tó jẹ́ oníṣòwò lóṣù keje ṣe di "smuggler" lóṣù kẹwàá nìyẹn. Agbọ̀n ò yí padà, ìyá ò yí padà, àṣẹ ló yí padà. Ọjọ́ 16 oṣù kejìlá ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí Sèmè padà, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn ò tíì kúrò lára wa.

Èyí tó ń dùn mí jù ni ti ìbọn. Bí ọta ìbọn bá ba ọmọ kan lójú ọ̀nà, tí ìwé ìròyìn sì kọ ọ́ pé "smuggler" kan kú, ta ni yóò tún béèrè ohun tó wà nínú àpò rẹ̀? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ti dá a lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀ sì ni ìwé òfin ilẹ̀ wa ti ọdún 1999, ìpín 36, sọ pé aláìṣẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn títí wọn yóò fi fi ẹ̀rí ẹ̀bi rẹ̀ hàn. Òkú ò sì lè lọ sí kóòtù lọ wẹ ara rẹ̀ mọ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Kí akọ̀ròyìn kọ ohun tí wọ́n bá lọ́wọ́ ẹni náà gan-an, àti bó ti pọ̀ tó. Bí ẹjọ́ bá ṣì wà nílẹ̀, kí ó kọ "afurasí". Kí ó fi onífàyàwọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí adájọ́ bá ti dá lẹ́bi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ire o.

Àgbẹ̀ kan,
Sèmè, lẹ́bàá Àgbádárìgì.