Ẹ̀kọ́ Tí Ikú Kò Lè Pa

Ẹni tí ó sunkún olùkọ́ rẹ̀ ṣe ohun tí ó tọ́. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí ó bá a parí iṣẹ́ ni ó rántí rẹ̀ ní tòótọ́.

Christa McAuliffe jẹ́ olùkọ́ ní ìlú Concord, ní Amẹ́ríkà. Nínú àwọn olùkọ́ tí ó ju 11,000 lọ ni a ti yàn án láti bá ọkọ̀ Challenger rékọjá àwọsánmà, kí ó sì ti ibẹ̀ kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́. Ní ọjọ́ 28, oṣù kìíní, ọdún 1986, lójú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tí ń wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, ọkọ̀ náà fọ́ yángáyángá ní ìṣẹ́jú àáyá 73 lẹ́yìn tí ó gbéra. Ènìyàn méje ni ó kú. Ọmọ ọdún 37 péré ni olùkọ́ náà.

Ṣùgbọ́n bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Barbara Morgan, olùkọ́ tí a ti yàn ṣe igbákejì rẹ̀, gòkè lọ ní ọdún 2007. Ní ọdún 2018, àwọn méjì tí wọ́n ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ rí ṣe díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀kọ́ tí McAuliffe pèsè sílẹ̀, láti òkè òfuurufú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọmọ, bí olùkọ́ tí ẹ fẹ́ràn bá kú, ẹ má ṣe pa ìwé rẹ̀ dé. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ó kà á dé.