Orin Àwọn Darandaran Queensland

Ẹ̀yin ẹbí wa tó ní ọmọ lókè òkun, ẹ gbọ́ ti orin Brisbane Ladies, tí wọ́n ń kọ ní Ọsirélíà. Orin àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni tẹ́lẹ̀. Wọ́n yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà di ti àwọn darandaran. Wọ́n ti ta màlúù tán, wọ́n dágbére fún àwọn ọmọge Brisbane, ó di Augathella. Wọ́n wá ń dárúkọ ibi tí wọn yóò gbà kọjá: Caboolture, Kilcoy, Nanango. Ibẹ̀ gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Ta ni kì í ka ìlú ojú ọ̀nà tó bá ń lọ sílé?

Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń kó ọ̀pọ̀ màlúù níbẹ̀ báyìí. Síbẹ̀, ọmọ Queensland tí iṣẹ́ gbé lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lè gbọ́ "Nanango" nínú orin náà, kí omijé lé ròrò sójú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò da màlúù kan ṣoṣo rí.