Kókó Ara Ọmọ Kì Í Ṣe Iṣẹ́ Olóólà

Ẹ̀yin ará wa ní Kánò, bí kókó pupa rúsúrúsú bá yọ lórí ọmọ ọwọ́, ẹ má ṣe gbé e tọ olóólà lọ. Ọ̀kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní juvenile xanthogranuloma. Kò wọ́pọ̀, kì í ṣe jẹjẹrẹ, a sì máa rọlẹ̀ fúnra rẹ̀ bí ọdún mélòó kan bá kọjá. Ṣùgbọ́n ojú lásán a máa tan ènìyàn. Nígbà mìíràn dókítà yóò gé bíńtín níbẹ̀ kí wọ́n fi awò wò ó. Bí ó bá pọ̀ lára ọmọ tí kò tó ọdún 2, kí wọ́n yẹ ẹyinjú rẹ̀ wò pẹ̀lú, torí ẹ̀jẹ̀ lè dà síbẹ̀.

A mọ̀ pé owó ni ó ń bà yín lẹ́rù. Àwa fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa yọ owó ọsibítù ọmọ nínú àpótí owó ìsìnkú, láti ìpàdé tí ń bọ̀.