Ọ̀rọ̀ Ìkẹyìn Kì í Ṣe Ọ̀rọ̀ Kan Ṣoṣo

Ní ìsinmi tí ó kọjá, mo jókòó ti àwọn àgbà ilé wa ní Uso nígbà tí bàálù kan fò kọjá, tí ó forí lé Àkúrẹ́. Kíá ni ọ̀rọ̀ bọ́ sórí èyí tí ó já ní Èkó ní ọjọ́ 3 oṣù kẹwàá ọdún 2013, tí ó ń gbé òkú Olúṣẹ́gun Agagu, gómìnà Ìpínlẹ̀ Oǹdó tẹ́lẹ̀ rí, bọ̀ wá sílé. Mo ní igbákejì awakọ̀ béèrè bóyá kí wọ́n dá ọkọ̀ náà dúró kí ó tó gbéra. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi dá mi lóhùn pé, “Kí ni ti igbákejì níbẹ̀? Ọba kì í pé méjì láàfin. Bí ọ̀gá bá ti sọ̀rọ̀, ó parí.” Gbogbo ilé gbè é lẹ́yìn. Èmi sì dákẹ́, nítorí n kò lè bá bàbá mi jiyàn lójú agbo. Ìdákẹ́ yẹn gan-an ni mo wá bá jà lónìí.

N kò sọ pé bàbá kò ní òótọ́ lọ́wọ́. Òfin àgbáyé, tí ó ti inú àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe ní Chicago ní ọdún 1944 jáde, sọ ọ́ gbangba pé ọ̀gá awakọ̀ ni ó ni àṣẹ ìkẹyìn lórí ọkọ̀ níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Bí a bá ti ti ilẹ̀kùn, ẹ̀mí gbogbo ẹni tí ó wà nínú ọkọ̀ di ẹrù ọrùn rẹ̀. Bí ewu bá dé, ó lè yà kúrò nínú òfin ojú òfurufú láti gba ẹ̀mí là. Àṣẹ náà tóbi, ó sì yẹ kí ó tóbi.

Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣẹlẹ̀ ní Èkó? Bí ọkọ̀ náà ti ń sáré lórí ilẹ̀, ẹ̀rọ ìkìlọ̀ ń ké, abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọwọ́ ọ̀tún kò sì yí bí ó ti yẹ. Ọkọ̀ òfurufú ṣeé dá dúró títí yóò fi dé ìwọ̀n eré kan. Bí ó bá ti ré e kọjá, àfi kí ó gbéra. Igbákejì béèrè bóyá kí àwọn dáwọ́ dúró. Ọ̀gá ní kí wọ́n máa lọ. Wọ́n gbéra, ọkọ̀ kò lè gòkè, ó sì já lulẹ̀ nítòsí pápákọ̀. Ogún ènìyàn ni ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kú, Deji Falae, kọmíṣọ́nnà kan ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó, sì wà lára wọn. Àwọn tí ìjọba yàn láti tọpinpin ìjàǹbá náà kọ ọ́ pé ìpinnu láti máa lọ nígbà tí àmì ewu ti hàn wà lára ohun tí ó fà á.

Ẹ jẹ́ kí a parí òwe tí bàbá pa. Ọba kì í pé méjì láàfin, ìjòyè ni í pé mẹ́fà láàfin. Kí ni ìjòyè mẹ́fà ń wá láàfin bí a bá ti rán wọn lẹ́nu? Ẹ wá sí ojú títì Àkúrẹ́ sí Ọ̀wọ̀ tí ó gba Uso kọjá. Bí dírẹ́bà bá ń fi ẹ̀yìn rìn, ọmọ mọ́tò a dúró lẹ́yìn, a máa wí pé, “Máa bọ̀, máa bọ̀.” Bí ó bá ké pé “Ó tó!”, dírẹ́bà kì í bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀, bíréèkì ni í tẹ̀. Ǹjẹ́ ọkọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí bẹ́ẹ̀? Rárá. Ibi tí ojú rẹ̀ kò tó ni ọmọ náà bá a wò.

Àwọn kan nínú wa ní yunifásítì yóò sọ pé àṣà Yorùbá ni ó ń pa ni, pé “ẹ” tí à ń pe àgbà ni ó ń dí ènìyàn lẹ́nu. Èmi tí mo ń kọ́ nípa èdè kò gbà. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 1977, ní erékùṣù Tenerife, ọ̀gá awakọ̀ kan, ará Họ́láńdì, bẹ̀rẹ̀ eré àtigbéra láì tí ì gba àṣẹ. Ẹnjiníà inú ọkọ̀ béèrè bóyá bàálù kejì ti kúrò lójú ọ̀nà. Ọ̀gá ní ó ti kúrò. Kò tí ì kúrò. Ènìyàn 583 ni ó kú, kò sì sí ọmọ Yorùbá kan nídìí ọkọ̀ náà. Ní ti èdè wa, bí bàbá bá fẹ́ tẹ ejò mọ́lẹ̀, “Ẹ dúró!” ni ọmọ rẹ̀ yóò ké. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, àṣẹ sì wà nínú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má ṣe gba àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá awakọ̀. Ẹ fi gbogbo rẹ̀ fún un, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé gbígbọ́ wà lára rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè sọ̀rọ̀ kẹ́yìn bí kò bá sí ẹni tí ó kọ́ sọ̀rọ̀. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa má sì bínú bí mo bá wí pé yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ wà lára ibi tí a ti ń kọ́ ìdákẹ́ náà, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń rí àṣìṣe lójú pátákó tí ó ń fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ní ìsinmi tí ń bọ̀, n óò padà sí Uso. N óò dọ̀bálẹ̀ fún bàbá mi, n óò sì parí òwe náà fún un.